Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà: Kíkun Ẹ̀yà Ara Alùpùpù àti Mímú Un Dán Nínú Àgbàlá Ẹni

Ọ̀rọ̀ sáńpépà, tínà àti omi ọṣẹ ni mo fẹ́ sọ. Alùpùpù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa. Òun ló ń kó kòkó jáde láti inú oko, òun ló ń gbé aláboyún dé ọsibítù lóru láti abúlé tí mọ́tò kì í dé, òun ló sì ń sanwó ilé-ìwé ọmọ. Irin tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí, ó yẹ kí ẹni tó ni ín mọ bí a ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dà gan-an ni iṣẹ́. Wọ́n á ra agolo sípírè méjì lọ́jà, wọ́n á fi aṣọ nu tánkì, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i. Á dán lọ́jọ́ náà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, wọ́n á wá ní ọ̀dà náà kò dára. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe ọ̀dà náà. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Èmi gbà, mo sì fẹ́ fi ìdí rẹ̀ hàn yín, pé iṣẹ́ kíkùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí a tó ṣí agolo ọ̀dà rárá, àti pé ìmúra yìí, tí kì í náni lówó púpọ̀, ni apá iṣẹ́ tó yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé.

Ẹ wo bí ọ̀dà ṣe fẹ́lẹ́ tó. Bí a bá kó pírámà ìsàlẹ̀, àwọ̀ tó wà láàárín àti kílíà tó wà lókè pọ̀ lára tánkì tó ti ilé-iṣẹ́ wá, gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ púpọ̀. Ìnípọn ojú ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé nìyẹn. Ohun tó fẹ́lẹ́ báyìí kò lè bo àbùkù kankan. Ibi tí sáńpépà líle ti ha irin, yóò hàn. Ibi tí ìka ọlọ́ràá ti kàn án, yóò hàn. Ìpẹtà tí a kò họ tán yóò máa jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà, yóò sì máa ti ọ̀dà sókè, nítorí pé irin tó ti di ìpẹtà máa ń wú, àyè tó ń gbà pọ̀ ju ti irin tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kílíà òkè bá sì ṣe ń dán tó ni àbùkù ìsàlẹ̀ ṣe ń hàn tó.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè dá lórí ohun tí a mọ̀, Honda CG125 ni n óò máa tọ́ka sí. Àárín àwọn ọdún 1970 ni Honda gbé e jáde, wọ́n sì ṣe é fún àwọn ilẹ̀ tí alùpùpù ti jẹ́ ohun èlò iṣẹ́, tí kì í sì í rí ìtọ́jú déédéé. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan ni, 124 cc, afẹ́fẹ́ lásán ló ń tù ú. Ní Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé-iṣẹ́ Honda ti Nàìjíríà wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979. Lẹ́yìn náà làwọn ilé-iṣẹ́ China ṣe ẹ́ńjìnnì tó jọ ti CG lóríṣiríṣi, débi pé ẹni tó bá mọ ara CG ti mọ ara ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń ná ojú títì wa.

Ẹ rìn yí i ká. Irin pẹlẹbẹ ni tánkì. Irin tí wọ́n fi kúróòmù bò ni ẹnu sàlẹ́ńsà, àti mọ́gáàdì lára àwọn ti àtijọ́. Alumíníọ̀mù ni ìdérí ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún lósì, òun náà ni ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì. Ike ni sáìdì kọ́fà. Ohun mẹ́rin wà lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìtọ́jú tó bá ọ̀kan lára mu sì lè ba èkejì jẹ́ pátápátá. Mo ti rí ìdérí ẹ́ńjìnnì tí kọ́sítíìkì sódà jẹ títí ojú rẹ̀ fi di ihòhiho, nítorí pé ẹni tó lò ó rí i pé ó ṣí ọ̀dà kúrò lára irin dáadáa. Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ kì í jẹ irin, ṣùgbọ́n ó ń jẹ alumíníọ̀mù lójú ẹsẹ̀, gáàsì tó sì ń hó jáde nígbà náà máa ń gbiná. Kí ẹni kẹ́ni má gbé e sún mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ìpẹtà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. Ẹrẹ̀ pupa ilẹ̀ wa máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ mọ́gáàdì, á mu omi òjò sára, irin á sì wà nínú ọ̀rinrin fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí òjò ti dá. Ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Kútọnu, iyọ̀ tó ń bá afẹ́fẹ́ òkun wá ń mú kí irin yára dógùn-ún sí i. Nítorí náà, kí a tó ronú kan àwọ̀ tí a fẹ́, ẹ tú ẹ̀yà náà kúrò lára ọkọ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha ohun tó bá ń ṣí. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńpépà bá ṣe ń lọ sókè ni ẹnu rẹ̀ ń kúnná sí i: P80 fún ìpẹtà líle, P180 láti pa ojú ọgbẹ́ tí P80 dá, P320 láti pa ti P180. Kí a má ṣe fo ọ̀kan. Ẹni tó bá ti P80 bọ́ sí P400 yóò yún un títí ọwọ́ á fi wú, ìlà tí P80 fà yóò ṣì wà níbẹ̀, yóò sì yọjú lábẹ́ ọ̀dà.

Àwọn ẹ̀yà kéékèèké bíi bóòtì, nọ́ọ̀tì àti àwọn irin ìdè kò rọrùn láti yún. Ẹ rẹ wọ́n sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì. Ásíìdì inú rẹ̀ ń yọ́ ìpẹtà díẹ̀díẹ̀, ẹ sì lè fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ èyí tó kù. Kí ẹ wá ṣan wọ́n, kí ẹ tún fi omi tí ẹ po sódà ìyẹ̀fun (baking soda) díẹ̀ sí ṣan wọ́n, kí ásíìdì náà lè kú, kí ẹ sì gbẹ wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tí omi wà lára rẹ̀ lè tún pọ́n láàárín wákàtí kan ní àsìkò òjò. Àwọn kan ń lo ásíìdì bátìrì dípò ọsàn nítorí pé ó yá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìtàsílẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ ojú, ó sì ń ti háídírójìn wọ inú irin tí wọ́n sè le, bíi sípíríngì àti bóòtì líle. Irú irin bẹ́ẹ̀ á mọ́ lójú, àmọ́ á di ohun tó ń ṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tánkì, torí pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Tánkì tí pẹtiróòlù ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ. Èéfín pẹtiróòlù tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ nínú àyè tó ṣófo ni ó ń bú gbàù, kì í ṣe pẹtiróòlù tútù fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí gíráńdà, kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí ibi tí a ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ fa epo inú rẹ̀ tán, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ mì í lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ní ihò tí ó nílò wẹ́dà, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì sọ fún un pé tánkì epo ni. Iṣẹ́ ilé kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà àtijọ́ náà tún wà. Òjé wà nínú púpọ̀ nínú ọ̀dà ayé ìgbà kan, pàápàá àwọ̀ ìyeyè àti pupa. Àgbàlá wa sì rèé, ibẹ̀ lọmọ ti ń ṣeré, ibẹ̀ ni a ti ń sá ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, sáńpépà olómi ni kí ẹ lò lórí ọ̀dà àtijọ́, kí eruku má baà fò. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ bo imú, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo ìdọ̀tí náà sínú ọ̀rá, kí ó má baà wọ inú kànga. Ìkìlọ̀ yìí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ ọpọlọ ọmọ ni ó ń dáàbò bò.

Nígbà tí irin bá ti wà ní ìhòòhò, ṣáájú pírámà, ni ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Fún mi, níbí gan-an ni iṣẹ́ tí a ń ṣe nílé ti sàn ju gbígbé ọkọ̀ lọ fún ẹlòmíì lọ. Férémù ọ̀kadà tó ń ru èrò mẹ́ta àti àpò gàrí kì í kú lójijì, ó máa ń kọ́kọ́ sán. Nítòsí ọrùn rẹ̀, níbi tí ọ̀pá fọ́ọ̀kì gbà kọjá, ni kí ẹ wò, àti níbi tí wọ́n ti jó apá ẹ̀yìn pọ̀, àti ìdí ibi ìjókòó. Ojú lásán lè má rí ìsán tó fẹ́lẹ́. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn oníṣẹ́ rélùwéè lókè òkun ti ń lò tipẹ́, ohun tí a sì nílò fún un wà lọ́jà wa. Ẹ fi kẹrosíìnì pa ojú irin náà dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò pátápátá. Ẹ lọ ẹfun kúnná, kí ẹ bù ú wọ́n ojú ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí kí ẹ pò ó mọ́ sípíríìtì kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kí ó gbẹ. Kí ẹ jókòó tì í. Bí irin náà bá pé, ẹfun á funfun bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sán, kẹrosíìnì tó ti sá wọ inú ìsán yóò máa yọ padà díẹ̀díẹ̀ sínú ẹfun, ìlà dúdú tín-ín-rín kan yóò sì fà lójú rẹ̀, yóò fi ibi tí ìsán ti bẹ̀rẹ̀ hàn àti ibi tó dé.

Ìlà yẹn kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́dì fílà tí a fi ń dí ibi tó wọnú, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ ló kàn, tàbí kí a pààrọ̀ férémù. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìrora nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ń ra àwókù ọ̀kadà, tí wọ́n ń fi fílà dí ìsán, tí wọ́n ń kun ọ̀dà dúdú tó ń dán lé e, tí wọ́n sì ń tà á fún ọmọ ọlọ́mọ tó fẹ́ fi wá oúnjẹ òòjọ́. Ọwọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀mí ènìyàn tà. Ẹni tó bá fẹ́ ra àwókù tí férémù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà, tí gbogbo ara yòókù sì ti gbó, kí ó bi ẹni tó ń tà á pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó yá, irin ti mọ́, kò sán. Ǹjẹ́ ó mọ́ tó? Ẹ má bi ojú, omi ni kí ẹ bi. Ẹ bu omi mímọ́ sínú ife, ẹ rọra dà á sí ojú irin tó dúró lóòró. Bí omi bá tẹ́ lọ gbalaja, tí ó bo gbogbo ojú irin láìjá, irin mọ́. Bí ó bá ń ká jọ, tí ó ń sá kúrò níbì kan, tí ó ń fi ojú gbígbẹ sílẹ̀ láàárín, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, bóyá ti gírísì, bóyá ti ọwọ́ yín gan-an. Ibi tí omi sá fún ni ọ̀dà náà yóò sá fún. Ẹ tún un fọ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti tínà nù ún, kí ẹ sì máa yí ojú aṣọ náà padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kàn ń pín ọ̀rá náà kiri ni. Láti ìgbà yìí lọ, ìbọ̀wọ́ ló gbọdọ̀ máa kàn án.

Pírámà ló ń di ọ̀dà mọ́ irin. Fún irin lásán, pírámà pupa tí àwọn pẹ́ńtà wa mọ̀ bí ẹni mowó ṣiṣẹ́ tó, epósì pírámà sì sàn jù fún ẹni tó bá rówó rẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í di pírámà lásán mú, irú èyí tó ń jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀ kí ó tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń fẹ́. Ike náà ní tirẹ̀. Tí tánkì bá ní ibi tó wọnú díẹ̀, ibẹ̀ ni bọ́dì fílà wà fún, ẹ fi í fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kí ó le, kí ẹ fi sáńpépà tí ẹ wé mọ́ pákó pẹlẹbẹ yún un. Ìka ọwọ́ lásán lẹ́yìn sáńpépà máa ń gbẹ́ kòtò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tẹ́jú, ẹ fọ́n ọ̀dà dúdú díẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sórí pírámà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi P400 àti omi yún un. Ibi tí dúdú náà bá ṣẹ́ kù sí, ibẹ̀ ló ṣì wọnú. Ẹ pa ojú rẹ̀ dé pẹ̀lú P600 tàbí P800, ó ti yá fún àwọ̀.

Ojú ọjọ́ ló kù. Ní àsìkò òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, tínà tó ń yára fẹ́ lọ máa ń mú ojú irin tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á bà lé ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, ojú rẹ̀ á di funfun, kò sì ní dán. Ẹ dúró kí oòrùn mú ọ̀rinrin òwúrọ̀ kúrò ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọyẹ́ dára fún gbígbẹ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ọ̀dà mọ́. Lásìkò ọyẹ́, ìdájí kí atẹ́gùn tó dìde ló dára jù, kí ẹ sì wọ́n omi sílẹ̀ yíká. Kí a má sì kun irin tí oòrùn ti sá gbóná, nítorí pé ọ̀dà á gbẹ kó tó tẹ́ tán.

Ẹ mi agolo náà fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí irin tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn kí ọwọ́ tó dé orí irin, kí ẹ má sì dá a dúró àyàfi tí ọwọ́ bá ti kọjá etí rẹ̀ lódìkejì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú. Ìpele àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ bo irin tán. Ó máa ń wu ẹni láti fún un sí i kó lè bò ó lẹ́ẹ̀kan, ìgbà náà ni ó ń ṣàn. Ìpele mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín wọn, lágbára ju ìpele kan tó nípọn lọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo ti fẹ́ kí ẹ dá iṣẹ́ ilé dúró, ìyẹn kílíà orí tánkì. Ọ̀dà àti kílíà inú agolo lásán, tínà rẹ̀ ló kàn ń fẹ́ lọ kí ó tó gbẹ, nítorí náà pẹtiróòlù lè tún un yọ́. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ra epo. Ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, láti inú ìgò ni wọ́n ti ń rọ epo kpayo sí ọkọ̀ àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ó sì ń ta sílẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, ẹni tó ń rọ epo kún dé ẹnu náà ń ta á sílẹ̀. Láìpẹ́, ojú ọ̀dà tó yí ẹnu tánkì ká á rọ̀, á ká, á bó. Kílíà tí a po hádínà mọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń dì pọ̀, pẹtiróòlù kì í sì í rí i gbé ṣe. Àmọ́ inú hádínà yẹn ni àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà. Wọ́n lè fún ẹni tí kò ní àrùn rí ní àrùn ásímà tí kò ní lọ mọ́, aṣọ tí a so mọ́ imú kò sì dá a dúró. Ìbòmú tí ó ń gba afẹ́fẹ́ láti ibòmíràn ni wọ́n fi ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́ tó dára. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe gbogbo ìmúra tánkì yín nílé, kí ẹ wé e sínú aṣọ mímọ́, kí ẹ gbé e lọ bá pẹ́ńtà tó ní yàrá àti ìbòmú tó péye, kí ó bá yín kun àwọ̀ àti kílíà rẹ̀. Owó tí yóò gbà yóò kéré, nítorí pé ẹ ti bá a ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Sàlẹ́ńsà tí kúróòmù rẹ̀ ti tán ń fẹ́ ọ̀dà tó ń gba iná, irú èyí tí wọ́n kọ 600 °C sí lára. Ọ̀dà lásán á jó dànù. Irú ọ̀dà yìí kì í le tán fúnra rẹ̀, iná ló ń sè é. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, ẹ dá ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á kó tutù pátápátá, ẹ tún un ṣe kí ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gùn ún lọ sọ́nà jíjìn.

Mo bọ́ sórí dídán. Alumíníọ̀mù kì í ṣe àlejò nílé wa. Ìkòkò tí a fi ń se àsè, púpọ̀ nínú wọn ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ láti ara àwókù ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti fọ ìkòkò bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé á tàn yanran, kó tó pẹ́ á tún ṣú. Afẹ́fẹ́ ló fi awọ fẹ́lẹ́ bò ó, awọ náà sì ni ààbò rẹ̀. Nígbà tí a bá ń mú ìdérí ẹ́ńjìnnì CG dán, awọ yẹn ni à ń ṣí kúrò, nítorí náà a ní láti fi wáàsì rọ́pò rẹ̀.

Ó ní kílíà tí ilé-iṣẹ́ kùn lé ìdérí náà. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi oògùn ìṣídà tí kò ní kọ́sítíìkì sódà nínú ṣí i, a kàn ń dán ojú kílíà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, P400, P600, P800, P1000, P1500, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú omi, kí ẹ máa yún un ní ìhà kan pẹ̀lú nọ́ńbà kan, kí ẹ sì yún un ní ìdábùú pẹ̀lú èyí tó tẹ̀lé e, kí ẹ lè rí ìgbà tí ìlà àtẹ̀yìnwá bá tán. Brasso, tí àwọn sọ́jà àti ọmọ Boys' Brigade fi ń dán ìdè bẹ́líìtì, ló kẹ́yìn, tàbí ìpara Autosol. Aṣọ á dúdú kirikiri. Ẹ má rò pé ìdọ̀tí ni, alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ló ń jáde. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ títí dúdú náà fi máa dínkù. Kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò kò dára fún un, nítorí pé èérún irin rẹ̀ á há sínú alumíníọ̀mù, á sì dógùn-ún níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì wà lára ọkọ̀, ẹ di ẹnu ibi tó ti ń mí dáadáa kí eruku sáńpépà má wọ inú rẹ̀. Apá tó rí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lára sílíńdà, ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé ooru jáde, búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ ti tó o.

Kúróòmù ń fẹ́ ọwọ́ rírọ̀. Ojú kúróòmù tí ẹ ń rí yẹn kò nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, níkẹ́ẹ̀lì ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ààbò gan-an. Sáńpépà kan ṣoṣo ti tó láti pa á run. Bébà fọ́ọ̀lì tí a fi ń wé ẹran ni kí ẹ mú, ẹ rún un pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi, kí ẹ rọra fi ha àmì ìpẹtà náà ní róbótó. Omi pupa-rúsúrúsú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ìpẹtà ń wọ́ tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀lì rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò lè ha á, ó sì le tó láti ṣí ìpẹtà. Ẹ ṣan án, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi wáàsì pa á.

Àwọn ibi tí ọwọ́ ìkùn àti ọwọ́ ìdán kò gbọdọ̀ dé: ojú dísìkì bíréèkì àti inú họ́ọ̀bù níbi tí bíréèkì ti ń mú; ojú táyà, nítorí ìpara á mú un yọ̀; ibi ìtẹ̀sẹ̀; inú ojú bóòtì; ibi tí wáyà ti so mọ́ férémù. Nọ́ńbà férémù àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ẹ fi téèpù bò wọ́n kí sáńpépà má kàn wọ́n. Ọlọ́pàá tó bá rí nọ́ńbà tó ti parẹ́ kò ní gbà pé àṣejù ìtọ́jú ló fà á, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti orí tánkì. Kí ó tú ìbòrí ṣéènì. Irin ni, ó kéré, bóòtì díẹ̀ ló dè é, ó sábà máa ń dógùn-ún, bí iṣẹ́ náà kò bá sì dáa, kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ wò ó. Ọjọ́ Jímọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni kí ó fọ gírísì rẹ̀ kúrò pẹ̀lú kẹrosíìnì àti omi ọṣẹ. Àárọ̀ Sátidé, kí ó yún un láti P80 dé P320, kí ó bi omi léèrè, kí ó sì fi pírámà kùn ún kí oòrùn tó wọ̀ọ̀kùn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni kí ó fi P600 pa á, kí ó wá kùn ún ní ìpele mẹ́ta. Kí ó so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ó tilẹ̀ ti gbẹ lójú, nítorí pé inú rẹ̀ kò tíì le. Kí ó tó dè é padà, kí ó fi gírísì díẹ̀ pa ojú bóòtì, kí ó sì rí i pé ṣéènì kò kàn án.